Ìkòkò Tó Ní Kí Wọ́n Kúnlẹ̀ Kí Òun: Ìbéèrè Yín Lórí Fíìmù Àrà

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ dá lé irú fíìmù kan náà: èyí tí gbogbo ilé lè jọ wò, tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀, tí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu ń ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, tí kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. A mú mẹ́fà nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ-ọmọ mi wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń wò ṣáá. Béárì kan dé fìlà pupa, ó ń bá àwọn òyìnbó gbélé. Béárì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó sá! Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Ṣé irú eré tí kò lórí tí kò nídìí báyìí kò ní ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́? (Màmá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Paddington ni fíìmù yẹn, ọdún 2014 ló jáde. Ohun tó yà yín lẹ́nu, pé kò sẹ́ni tó sá, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Béárì kan ti ilẹ̀ Peru wá, ó dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n so ìwé mọ́ ọn lọ́rùn pé kí ẹni tó bá rí i jọ̀wọ́ bá wọn tọ́jú rẹ̀. Èrò ń kọjá lọ. Ìdílé kan dúró. Bàbá ilé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣírò ewu, kò bèèrè bí béárì ṣe gbọ́ èdè. Ìyọnu tí àlejò yìí lè kó wọlé ló ń dà á láàmú.

Ẹ rántí alẹ́ àlọ́. Bí ẹ bá ti pe "Ààlọ́ o!" tí àwọn ọmọ dáhùn "Ààlọ̀!", ó parí. Ìjàpá yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ, ó bá wọn fò lọ síbi àsè lókè ọ̀run, kò sí ọmọ kan tó máa bi yín bí ìyẹ́ ṣe lẹ̀ mọ́ ara ìjàpá. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ sọ pé nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ìjàpá pín oúnjẹ náà dọ́gba-dọ́gba, ó sì mú tirẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ ọdún márùn-ún á pariwo pé irọ́ ni! Ó gba ìyẹ́, kò gba ìwà. Ọmọ náà ti mọ òfin àlọ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Òfin kan náà ni fíìmù àwọn ọmọ yín ń tẹ̀ lé. Ohun kan ṣoṣo ló kúrò ní àyè rẹ̀, gbogbo ìyókù dúró bí wọ́n ṣe wà. Béárì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí omi bá ń ya nínú balùwẹ̀, ilé á kún, bàbá ilé á bínú, aládùúgbò á yọjú. Ẹ fojú inú wo Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ọmọ ilé Balógun ń gun ẹṣin kọjá, ìlù ń dún, ni ewúrẹ́ kan bá gun ẹṣin wọ àárín wọn. Bí gbogbo èrò bá figbe ta, ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan ni, ó tán. Ṣùgbọ́n bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra) bá wo ewúrẹ́ náà látòkè délẹ̀, tí ẹnì kan mi orí, tó ní, "Ó mà ṣe o, kò ra aṣọ ẹgbẹ́," eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ wá owó aṣọ. Ta ni yóò yá a? Télọ̀ wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọrùn ewúrẹ́? Ìtàn á máa fa ara rẹ̀ lọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nínú Willy Wonka & the Chocolate Factory, fíìmù ọdún 1971, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì tí ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀: aago ààbọ̀, tábìlì ààbọ̀, àwo ìfọwọ́ ààbọ̀. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ká ní aago nìkan ni wọ́n gé, a ó ní ó bàjẹ́ ni. Nítorí pé wọ́n gé ohun gbogbo lọ́nà kan náà, a mọ̀ pé ẹni tó ń gbébẹ̀ ní ìdí tirẹ̀. The Wizard of Oz tí wọ́n ṣe lọ́dún 1939 gba ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nílé ọmọbìnrin náà ní Kansas, àwọ̀ ilẹ̀ nìkan ni. Ìgbà tó ṣílẹ̀kùn sí ìlú àrà ni àwọ̀ bẹ́ jáde. Ilé lásán ní láti kọ́kọ́ wà kí àrà tó lè jẹ́ àrà. Ohun tí kò dùn mọ́ wa nínú fíìmù yẹn ni pé ó parí sí àlá. Nínú ìwé tí wọ́n ti mú un jáde, ti ọdún 1900, ọmọ náà lọ, ó sì bọ̀, ní tòótọ́. Ìwé ló ṣe é dáadáa: ẹ kì í parí àlọ́ kẹ́ ẹ wá sọ fún ọmọ pé Ìjàpá ń sùn ni.

Ní ti ọpọlọ, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ibì kan wà tí béárì yẹn ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ro etí. Ọmọ tí kò mọ ohun tí búrọ́ọ̀ṣì wà fún kò lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló ń fi hàn pé ó ti mọ ètò ilé. Bí wọ́n bá tún ń wò ó, ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé nínú fíìmù yìí?" Ẹ ó gbọ́ òfin lóríṣiríṣi, wọ́n á sì jiyàn lé e lórí títí oúnjẹ yóò fi jinná.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin ń gbádùn fíìmù kan títí ó fi débi tí ara ọmọ kan wú bíi bọ́ọ̀lù. Ó pariwo, kò sì sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rẹ́rìn-ín débi pé ó ṣubú. Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó yẹ fún àwọn méjèèjì? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́rin gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́. Bí nǹkan bá ti rí ló ṣe jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹnì kan ló ṣe é, ọwọ́ ẹni náà ló sì ń wò. Èyí ni kò fi jẹ́ kí "kì í ṣe òótọ́, má bẹ̀rù" wọ ọmọ kékeré létí.

Ara tó ń yí padà ló máa ń dẹ́rù ba ọmọ kékeré jù: kí èèyàn wú, kí ó kéré, kí ojú rẹ̀ di ojú ẹlòmíràn. Ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ kì í bà á lẹ́rù. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé fíìmù sílẹ̀ fún wọn, ẹ wo bí ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi ìka sún àárín rẹ̀ lọ síwájú. Bí ara bá yí padà, ẹ wò ó bóyá ó bọ̀ sípò lójú wa, tàbí wọ́n kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wo ojú àwọn tó dúró tì í pẹ̀lú, torí ojú àgbà tó wà nínú fíìmù ni ọmọ kékeré ń wò láti mọ̀ bóyá kí òun sá. Àmì àjọ tó ń yẹ fíìmù wò lórílẹ̀-èdè wa wúlò: G wà fún gbogbo ènìyàn, PG ní kí òbí wà ńtòsí. Àmọ́ àmì kì í sọ pé ara ẹnì kan máa wú.

Bí ẹ̀rù bá ti bà á, ẹ má fi ọwọ́ bò ó lójú. Ohùn á ṣì máa wọlé, àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ máa yà sọ́kàn sì lè burú ju ti fíìmù. Ẹ yí ohùn sílẹ̀, ẹ tan iná. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ra bálúùnù, ẹ fi báírò ya ojú sí i, ẹ fẹ́ ẹ kó wú, kẹ́ ẹ wá tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun náà fẹ́ ẹ, kí ó tú u, bí ìgbà mẹ́wàá. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bi léèrè ni bóyá èèyàn lè padà sí bó ṣe wà, ìdáhùn sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n pé kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá tún fẹ́ wo fíìmù náà, ẹ jẹ́ kí oṣù mélòó kan kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Fíìmù àrà òyìnbó lẹ ń gbé lárugẹ ṣáá. Àwa ará Òsósà ní Ògúndé. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ló ṣe? (Ọmọ Òsósà)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ àgbà náà. Hubert Ògúndé (1916 sí 1990) ló gbé àràmàǹdà ilẹ̀ Yorùbá sójú sinimá ńlá, nínú Aiye lọ́dún 1979, tí Ola Balogun darí, àti Jaiyesimi lọ́dún 1980. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà o. Nínú fíìmù Ògúndé, gbogbo àràmàǹdà ló ní ìhà tó wà: agbára ìkà dojú kọ agbára rere, ẹni tó ń wò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rù kí ó tó yọ̀. Irú èyí tí a ń sọ níhìn-ín kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wàhálà ewúrẹ́ orí ẹṣin ni aṣọ ẹgbẹ́; kò sí ẹni tó fẹ́ pa á.

Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde, ilé eégún apidán. Eégún kan náà á di òjòlá, á di ọ̀nì, àwọn ọmọ á sá sẹ́yìn ìyá wọn. Kí ó tó pẹ́, á tún di òyìnbó onímú gígùn tó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀rín á gba agbo. Sinimá wa gba ọ̀nì, ó sì ṣe é dáadáa. Òyìnbó onímú gígùn yẹn ni a kò tíì mú wọ fíìmù àwọn ọmọdé bó ṣe yẹ, ó sì ń dùn wá, torí ogún wa ni. Bí ọmọ Òsósà kan bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ṣófo.

ÌBÉÈRÈ: A jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, a ní fóònù kan. A fẹ́ ṣe fíìmù ìṣẹ́jú márùn-ún: ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan wà nílé ìyá àgbà, ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ kí i kò ní lè ṣí ọmọrí rẹ̀. Àna wọn dé láti Èkó, kò mọ̀. A ti yà á lẹ́ẹ̀mejì, kò pani lẹ́rìn-ín. Níbo la ti ṣì í? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè)

ÌDÁHÙN: Ìtàn yín dára gan-an. A wo ìwé eré tí ẹ fi ránṣẹ́, ibi mẹ́ta ló ti ń jò. Lójú ewé kejì, ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ yọ ọ́. Ìkòkò nìkan ló gbọ́dọ̀ ní ẹ̀mí. Lójú ewé kẹta, ìyá àgbà ṣàlàyé pé babaláwo kan ló sọ ìkòkò náà di bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ìyẹn náà, torí bí babaláwo bá ti wọlé, a ti padà sí fíìmù ìbẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kàn sọ fún àna pé, "Ẹ ò kí wọn," bí ẹni tí ojú ń tì fún àlejò. Ìkẹta, ẹ ti kọ àwọn ohùn ẹ̀fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, àwọn "kóìn-ìn-ìn" tí wọ́n máa ń fi sínú fídíò kéékèèké. Kò sí ohun tó ń pa irú eré yìí tó o. Ohùn yẹn ń sọ fún wa pé ẹ̀yin fúnra yín kò gba ìkòkò gbọ́. Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ó wá ku iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kẹ́ ẹ fi búlọ́ọ̀kù méjì há a. Ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀ níbi tí ìkòkò wà, ẹ má gbé ìka fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, títí fóònù á fi fi hàn pé òun ti dá ìmọ́lẹ̀ àti ojú àwòrán dúró. Bí ẹ kò bá ṣe é, bí ẹnì kan bá ti kọjá, àwòrán á dúdú, á tún funfun. Bó bá jẹ́ iná ìjọba lẹ ń lò nínú ilé, 50 ni ìgbì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ yan àwòrán 25 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í ṣe 30. Bí fóònù bá gbà, ẹ yan 1/50 fún ìyára ìṣí ojú rẹ̀ (shutter speed). Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà dúdú lè máa rìn lójú àwòrán. Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án.

Fún ọmọrí tí kò ṣí, ẹ má ní kí àna díbọ́n. Ìkòkò alumínì àtijọ́ tó ti lu nídìí ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ so okùn mọ́ ọmọrí lábẹ́, ẹ gba ihò ìdí rẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Agbára tòótọ́ á hàn léjìká rẹ̀. Ẹ ya ìkíni lọ́tọ̀: nígbà tí ó bá kúnlẹ̀, òwú ìpẹja tín-ín-rín láti òkè àjà ni kí ó gbé ọmọrí sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi èédú pa òwú náà kó má dán, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa ti ẹ̀gbẹ́ wá.

Ẹ fẹ́ kí àwo pòórá lọ́wọ́ àna. Ọgbọ́n Georges Méliès nìyẹn, pidánpidán ará Faransé tó ti ń lò ó láti ọdún 1896, tó sì fi ọkọ̀ òfuurufú gún òṣùpá lójú nínú fíìmù rẹ̀ ti 1902. Kí àna dúró gbagidi; ẹnì kan á yọ àwo kúrò; kí àna máa bá eré lọ; ẹ gé àárín sọnù. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ọwọ́. Ọwọ́ tó gbé ẹrù máa ń fò sókè díẹ̀ bí ẹrù bá kúrò níbẹ̀, nítorí náà kí ó fi ìgúnpá lélẹ̀ lórí tábìlì. Kí ìkúukùu má sì kọjá láàárín, torí òjìji á fò.

Fún àwòrán tí ìkòkò ti tóbi bí ilé, ẹ gbé ìkòkò sí nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sí fóònù, kí àna dúró ní mítà mẹ́ta. Ìkòkò á tóbi ní ìlọ́po márùn-ún sí i bí ẹ bá fi wé òun. Ẹ lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀ jù nínú oòrùn, kí àwọn méjèèjì lè mọ́ kedere. Ẹ fi igi sàmì sí ibi tí àna yóò máa wò, torí bí ojú rẹ̀ bá kọjá orí ìkòkò, àṣírí tú.

Oúnjẹ náà nìyí o. Ìkọ́kọrẹ́ tó bá tutù ń dì, ojú rẹ̀ a sì gbẹ. Ẹ má se gbogbo ewùrà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ se ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ti fẹ́ yà á. Odò ṣokoléètì inú fíìmù 1971 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, omi, ṣokoléètì àti ìpara wàrà ni wọ́n fi ṣe é. Kí wọ́n tó parí iṣẹ́, ó ti ń rùn. Èéfín oúnjẹ kò ní hàn bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun: ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ìkòkò.

Ìgbẹ̀yìn eré yín ni a fẹ́ràn jù, níbi tí àna ti ń padà lọ sí Èkó tó sì ń kí gbogbo ẹrù inú mọ́tò. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ni mí. A ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí fíìmù kúkurú kan fáwọn ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n àwàdà inú rẹ̀ ń kú. (Tíṣà, Ìpẹru)

ÌDÁHÙN: Ẹ má túmọ̀ eré ọ̀rọ̀ òyìnbó, ẹ wá tiwa síbẹ̀. Èdè wa lágbára níbi tí tiwọn kò dé. Ohun tó bá rí róbótó kéré, èyí tó bá rí ròbòtò tóbi. Ohùn nìkan ló yàtọ̀, ọmọ á sì rẹ́rìn-ín bí ẹ bá ṣì wọ́n lò. Ìlò "o" àti "ẹ" ńkọ́? Bí ọba inú fíìmù bá ń sọ fún òròmọdìẹ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," tí òròmọdìẹ sì ń dá a lóhùn pé, "Ìwọ ńkọ́?", ẹ ti rí ẹ̀rín tí kò sí nínú fíìmù tẹ́lẹ̀. Ẹ fi aago wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu òṣèré bá pa dé tí ọ̀rọ̀ yín ṣì ń lọ, ẹ gé ọ̀rọ̀. Ẹ má kánjú kà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni obìnrin inú Mary Poppins ṣe ń fa nǹkan gíga jáde nínú báàgì kékeré? Mo fẹ́ ṣe é níbi ayẹyẹ iléèwé wa. (Ọmọ ọdún mẹ́wàá, Ìkẹ́nnẹ́)

ÌDÁHÙN: O káre láé. Ọdún 1964 ni fíìmù yẹn jáde, ó sì ṣeé ṣe nílé. Sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n bá ọ wá báàgì tí wọn kò lò mọ́, kí àgbàlagbà gé ìdí rẹ̀ kúrò. Gbé tábìlì méjì sún mọ́ra, fi àlàfo bíi 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láàárín wọn. Ta aṣọ lé wọn lórí kó bò wọ́n délẹ̀ níwájú, kí wọ́n la aṣọ náà níbi àlàfo. Gbé báàgì sórí ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ á wà lábẹ́ tábìlì, á máa na nǹkan sí ọ.

Agboòrùn ni kó o fà jáde kẹ́yìn, torí ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́, kó máa tì í bọ̀ láti orí. Fà á lókè tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́; bó bá kan etí báàgì, báàgì á yí, wọ́n á sì rí ihò. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré tó lè wà nínú báàgì lóòótọ́, bíi ìwé tàbí ọsàn, kí wọ́n tó rí ńlá.

Má rẹ́rìn-ín o, má sì wo abẹ́ tábìlì. Kóòmù ni kó o sọ pé ò ń wá. Bí agboòrùn bá jáde, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ohun tó ń dí ọ lọ́wọ́, kó o tún ki ọwọ́ bọ inú báàgì padà.